Ta ló fún Katharine Armstrong ní májèlé? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹjọ́ Cusop

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ní Cusop, abúlé kan ní Herefordshire ní ilẹ̀ England, Katharine Armstrong kú ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1921. Dókítà ní àìsàn ló pa á. Herbert Rowse Armstrong, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Hay, ìlú tó múlé ti abúlé náà. Ní oṣù kẹwàá, ó pe Oswald Martin, agbẹjọ́rò tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀, wá mu tíì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mú búrẹ́dì kékeré oníbọ́tà fún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni èébì dá Martin gúnlẹ̀.

Báwo ni àṣírí ṣe tú?

Apoògùn tó ń ta ásẹ́níìkì, májèlé kan, fún Armstrong ni bàbá ìyàwó Martin. Òun ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n yẹ ìtọ̀ Martin wò, ásẹ́níìkì sì wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí dókítà ò fi mọ̀ nígbà ikú ìyàwó?

Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti inú rírun ni ásẹ́níìkì ń fà, bí àìsàn inú lásán. Ṣùgbọ́n òkú a máa jẹrà, ásẹ́níìkì kì í jẹrà. Nígbà tí wọ́n hú òkú Katharine ní oṣù kìíní ọdún 1922, ó ṣì kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ni Armstrong wí?

Ó ní koríko dandelion lòun fẹ́ pa. Ó ní òun pín ásẹ́níìkì náà sí àpò 20, òun lo 19; wọ́n bá ìkẹyìn lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Adájọ́ Darling bi í léèrè ìdí tó fi ṣe wàhálà pínpín yẹn. Kò rí èsì gidi fọ̀.

Ẹjọ́ ikú ìyàwó ni. Kí ni ọ̀rọ̀ Martin ń wá níbẹ̀?

Ibi tí òfin ti le gan-an nìyí. Wọn kì í sábà fi ẹ̀sùn kan ti òmíràn lẹ́yìn, torí júrì (àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́) lè dá ènìyàn lẹ́bi nítorí ìwà rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n olùjẹ́jọ́ ti sọ pé Katharine ló pa ara rẹ̀, pé koríko ni májèlé náà wà fún. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbà pé ọ̀rọ̀ Martin fi ohun tí Armstrong fẹ́ fi májèlé ṣe hàn. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́: Armstrong fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ koríko kalẹ̀, ó sì yẹ kí júrì lè wọ̀n ọ́n wò.

Wọ́n yẹgi fún un ní Gloucester ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1922.