Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Aláìsàn Ni Iṣẹ́ Yìí Ti Ṣẹ̀

Àwọn kan gbà pé ìpàdé tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí ẹ̀rọ tí ń ronú, ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, ni orísun iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń kọ́ni ní yunifásítì, tí wọ́n sì tún ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) fún ìtọ́jú ìlera. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àìsàn kọ́ ni ó kó àwọn onímọ̀ náà jọ.

Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ àṣà ní ilé ìwòsàn yunifásítì pé kí ọ̀jọ̀gbọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn láti ibùsùn dé ibùsùn, kí ó bi wọ́n ní ohun tí ó ń ṣe aláìsàn, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí òun fi fura sí àrùn kan ju òmíràn lọ. Lójú tèmi, àṣà yìí gan-an ni irúgbìn náà: ẹni tí ó ti ń là á yé akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ bí òun ṣe ń ronú ni ó lè là á yé ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Robert Ledley, oníṣègùn eyín tí ń kọ́ni ní Yunifásítì George Washington, àti Lee Lusted, nígbà tí wọ́n fi ìṣirò tú ìrònú dókítà palẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Science lọ́dún 1959.

Síbẹ̀, Homer Warner ti Yunifásítì Utah ni mo kà sí baba iṣẹ́ náà. Dókítà ọkàn ni. Lọ́dún 1961, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò Bayes, èyí tí ń lo àmì àìsàn láti díwọ̀n bí ó ti ṣeé ṣe tó pé àrùn kan ni, dá àrùn ọkàn àbínibí mọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1964, ó ti di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tuntun ní yunifásítì náà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́.

Ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, de Dombal, oníṣẹ́ abẹ, gbé kọ̀ǹpútà ka iwájú àwọn aláìsàn 304 tí inú ń run gidigidi: kọ̀ǹpútà mọ àrùn náà bó ṣe yẹ fún ìdá 91.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, dókítà àgbà sì mọ̀ ọ́n fún ìdá 79.6, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1972. Ní Pittsburgh, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn Jack Myers jókòó ti Harry Pople, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kí ìmọ̀ ìṣègùn tirẹ̀ lè wọnú ẹ̀rọ. Ní Stanford, Edward Shortliffe ṣe MYCIN, ètò kọ̀ǹpútà tí ń gba dókítà nímọ̀ràn lórí àrùn àkóràn, tí ó máa ń sọ ìdí tí òun fi béèrè ìbéèrè bí dókítà bá bi í.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ wá ń kọ́ láti inú àwòrán fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí IDx-DR, ètò kọ̀ǹpútà tí ń wo àwòrán ojú láti ṣàwárí ìbàjẹ́ ojú tí àtọ̀gbẹ ń fà. Michael Abramoff tí ó dá a sílẹ̀ jẹ́ dókítà ojú àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Iowa.