Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì: ẹ má wo ojú ẹ̀ nìkan, etí ẹ̀ ni kí ẹ wò

Àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé Básìrì l'Adó-Èkìtì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì òun ti wú nísàlẹ̀, òun sì rí èyí tí wọ́n ti kùn parí ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé kóun kàn rà á ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ná mi lówó rí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ohun tó bi mí àtohun tí mo sọ fún un síbí.

Ṣé mo lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn nìkan kí n fi àpótí ẹ̀ sílẹ̀?

O lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí àpótí bá ṣì le. Ṣí ilẹ̀kùn tó wà lábẹ́ síǹkì, di ibi tí híńjì wà mú, kí o mì ín. Tí síkúrù ò bá yẹ̀, tí o fi èékánná tẹ pákó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí kò rọ̀, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ń dà wúruwùru bíi gàrí, kò sí ilẹ̀kùn tuntun tó máa dúró lára ẹ̀.

Mo ti wọn àpótí, ínṣì 24 ni. Ṣé kí n ní kí wọ́n fún mi ní ti 24?

Rárá o, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà. Káfíńtà wa ń fi ínṣì kan àpótí, ilẹ̀kùn tó ti parí sì ń wá láti ilé iṣẹ́ tó ń fi mìlímítà gé pákó. Ínṣì 24 káfíńtà fẹ́ẹ̀ tó mìlímítà 610. Ti ilé iṣẹ́ tó sún mọ́ ọn jù ni 600, ilẹ̀kùn tí wọ́n gé fún 600 yẹn fúnra ẹ̀ sì máa ń jẹ́ bíi 596, torí wọ́n ti yọ ààyè díẹ̀ kí ilẹ̀kùn méjì má baà máa ha ara wọn. Tí o bá wá gbé 596 sára 610, àlàfo tó kù á gba ìka ọwọ́ ẹ. Ojú mìlímítà lára tépù ni kí o lò, tí ilẹ̀kùn àtijọ́ bá ń pa dé dáadáa tẹ́lẹ̀ òun gan-an ni kí o wọn, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, torí àpótí wa kì í sábà tọ́.

Wò ó pẹ̀lú bóyá ilẹ̀kùn yẹn bo etí àpótí ni àbí ó wọ inú ẹ̀, híńjì méjèèjì yàtọ̀ síra. Èmi ò ní rà èyí tí wọ́n ti lu ihò híńjì sí. Kí káfíńtà gbé ti àtijọ́ lé tuntun lórí kó fi sàmì, kó wá lu ihò mìlímítà 35 tí ife híńjì (ibi róbótó lára ẹ̀ tó ń wọnú pákó) ń wọ̀, kó má sì jìn ju bíi 13 lọ, torí pákó ọ̀hún ò ju 18 lọ, tó bá sì jìn jù á yọ lójú.

Pákó wo ló dáa jù?

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí. Lọ́dún tí mo ṣe kíṣìnì tèmi, funfun tó ń dán bíi dígí ni mo rà, inú mi dùn débi pé mò ń fi aṣọ nù ún láàárọ̀ lálẹ́. Òjò ọdún kejì ni èyí tó wà lábẹ́ síǹkì wú bíi búrẹ́dì tó rì sínú tíì. Nígbà tí mo tú u, mo dojú ẹ̀ dé, mo rí i pé wọ́n lẹ tépù sí etí mẹ́ta, wọn ò fi nǹkankan sí ti ìsàlẹ̀, pákó aláwọ̀ ilẹ̀ ló wà níta gbangba. MDF ni, okùn igi tí wọ́n fi gúlù àti ooru tẹ̀ pọ̀. Omi ò rí ojú ẹ̀ wọ̀, etí ló ń gbà wọlé, tó bá sì ti wú, o lè sá a sóòrùn títí, kò ní padà sí bó ṣe wà.

Torí náà, ní ṣọ́ọ̀bù, gbé e dúró, fi ìka fa etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá ìsàlẹ̀. Tí èékánná bá ti ráyè wọ abẹ́ tépù, fi sílẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n kun inú ihò híńjì náà lẹ́yìn tí wọ́n bá lù ú.

Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé dáa lójú, àmọ́ ooru ni ọ̀tá ẹ̀. Àwa Èkìtì, iṣu kì í kúrò lórí iná, ooru ìkòkò iyán lójoojúmọ́ á ṣí ọ̀rá yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn tó bá wà lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Ibẹ̀, pákó gidi bíi ìrókò tàbí apá ni màá fi sí. Ìyẹn náà ń fẹ̀ lójò ó sì ń sún kì lọ́yẹ́, kí wọ́n ṣáà fi ààyè mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Dúróà ńkọ́?

Fà á síta, wo inú ẹ̀ níwájú. Tí pákó méjì bá lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, tí orí síkúrù sì hàn láti inú, ojú ẹ̀ á tú, wàá fi tuntun sí i. Tó bá jẹ́ pákó kan ṣoṣo ni, tí wọ́n kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn, tí o bá yọ ọ́ gbogbo dúróà ló máa tú, ìyẹn ti di iṣẹ́ káfíńtà. Má sì jẹ́ kí wọ́n lu ihò hándù kí o tó ra hándù, èyí tí ihò ẹ̀ méjèèjì fi mìlímítà 96 jìnnà síra àti èyí tó jẹ́ 128 ò lè pín ihò lò.

Ṣé mo lè máa rà á díẹ̀díẹ̀?

Ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o fi ẹyọ kan lé e. Funfun oṣù yìí àti funfun oṣù tó ń bọ̀ kì í sábà jọra, ti abẹ́ síǹkì ló sì máa kọ́kọ́ bàjẹ́.