Bí tọkọtaya bá pínyà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ni mọ́tò?

Bí tọkọtaya bá ń pínyà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́rọ̀ wá kan mọ́tò, ẹnì kan á sáré mú V5, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, jáde: "Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, èmi ni mo ni ín." Ìwé ọ̀hún gan-an kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà lójú rẹ̀ gbangba pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ló ni mọ́tò. Ẹni tó gbọ́dọ̀ forúkọ mọ́tò sílẹ̀ lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, kó sì san owó táàsì rẹ̀, ìyẹn owó orí mọ́tò, ló ń tọ́ka sí. Wọ́n á gbé e lé lọ́yà lọ́wọ́ tìgboyà-tìgboyà láìkà á.

Darandaran ni ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí V5. Òun ló ń da màlúù kiri, òun làwọn ará abúlé mọ̀ mọ́ ọn. Bí màlúù bá wọ oko ẹ̀gẹ́ olóko, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá mú, olówó màlúù lè wà nílùú kó máa jẹun. Kò kan DVLA ta ló sanwó mọ́tò. Ẹni tí wọ́n máa mú ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ọgbọ́n sì ni, torí bí ìjọba bá lóun fẹ́ mọ oní-nǹkan dájú kó tó kọ lẹ́tà, kò ní rí owó ìtanràn kankan gbà. Kámẹ́rà ya mọ́tò tó ń sáré, lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé àdírẹ́sì darandaran láàárín ọjọ́ 14, òun náà sì ní ọjọ́ 28 láti sọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kó jáde, yàrá tó háyà ní Peckham, ní London, ló ń sùn. Ilé àtijọ́ ní Thamesmead ni lẹ́tà wà, lórí kápẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ẹni tó ń wa mọ́tò náà gan-an. Bí kò bá fèsì, pọ́ìǹtì 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ ìwakọ̀, lè wọ orí láísẹ́ǹsì rẹ̀, kó tún san tó £1,000.

Ta wá ni olówó màlúù? Bó bá jẹ́ HP tàbí PCP ni wọ́n fi rà á, ìyẹn àdéhùn láti máa san owó mọ́tò díẹ̀díẹ̀, ilé iṣẹ́ tó yá wọn lówó ló ni ín títí owó tó kù fi tán. Tọkọtaya ń jà lórí màlúù ẹlòmíì. Ẹni tó sì buwọ́ lùwé ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹnì kejì ló ń wà á lójoojúmọ́.

Kí wọ́n pe ọlọ́pàá ńkọ́, bí ẹnì kan bá fi kọ́kọ́rọ́ kejì gbé mọ́tò lọ lóru? Ọ̀rọ̀ ilé yín ni, ni wọ́n sábà máa ń sọ. Òfin olè ti 1968 pàápàá ní, yàtọ̀ sáwọn ibi mélòó kan, a kò gbọ́dọ̀ pe ọkọ tàbí aya lẹ́jọ́ pé ó jí nǹkan ẹnì kejì rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá àgbà àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fọwọ́ sí i.

Ó wá ku kóòtù. Òfin kan wà láti 1882 tí adájọ́ lè fi sọ ẹni tó ni nǹkan láàárín tọkọtaya. Àmọ́ lábẹ́ òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1973, ìbéèrè ti yí padà: ta ló nílò rẹ̀? Adájọ́ lè gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó rà á fún ẹni tó ń gbọ́mọ lọ síléèwé, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé. Ire àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18 ló máa kọ́kọ́ wò. Èyí dáa lójú mi. Àléébù rẹ̀ ni pé ó falẹ̀. Láti April 2022, ìkọ̀sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè parí kí ọ̀sẹ̀ 26 tó pé, owó lọ́yà sì lè ju iye tí Corolla àtijọ́ ń tà.

Nítorí náà, inṣọ́ránsì ni ogun ti ń gbóná. Ẹni tó ni ìwé inṣọ́ránsì lè fi ìpè kan ṣoṣo yọ orúkọ ẹnì kejì kúrò. Ẹnì kejì yẹn á jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á kó ọmọ sẹ́yìn, ọlọ́pàá á dá a dúró pé kò ní inṣọ́ránsì: £300, pọ́ìǹtì 6, wọ́n sì lè wọ́ mọ́tò lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fìfẹ́ parí ẹ̀, tí wọ́n yí orúkọ orí V5 padà, owó táàsì kì í bá mọ́tò lọ láti October 2014. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ san tirẹ̀ kó tó wà á jáde.