Àpérò Florence

Àpérò Florence ni ìpàdé ńlá tí àwọn olórí Ìjọ Àgùdà ti Róòmù àti àwọn olórí Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti àwọn Gíríìkì ṣe ní ilẹ̀ Ítálì kí ìjọ méjèèjì lè padà di ọ̀kan. Ìlú Ferrara ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1438, wọ́n kó lọ sí Florence ní 1439, àpérò náà sì parí sí Róòmù lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1439, wọ́n kéde ìwé ìṣọ̀kan tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí. Àwọn olórí ló fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ ìjọ lápá Ìlà-Oòrùn kò gbà á, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ sì ti forí ṣánpọ́n.

Ohun tó pín wọn níyà

Ìjà náà ti pẹ́. Ní ọdún 1054, Kádínà Humbert, ìránṣẹ́ Póòpù, gbé ìwé ìyọnilẹ́gbẹ́ lé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Hagia Sophia ní Constantinople, olú ìlú àwọn Gíríìkì, Michael Cerularius tó jẹ́ Pátíríákì (olórí ìjọ) ibẹ̀ náà sì yọ àwọn ìránṣẹ́ náà lẹ́gbẹ́. Àríyànjiyàn àwọn àlùfáà nìyẹn. Ohun tó wọ aráàlú lára ni ogun ọdún 1204, nígbà tí àwọn jagunjagun Kristẹni láti Ìwọ̀-Oòrùn kó Constantinople, tí wọ́n jí àwọn ohun mímọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì kó lọ, tí wọ́n sì gba ìjọba ìlú náà títí di 1261. Ọgbẹ́ yẹn kò jinná. Ìgbìyànjú ìṣọ̀kan kan wáyé ní Lyon ní 1274, kò sì pé ọdún mẹ́wàá tó fi dàrú.

Ohun mẹ́rin pàtàkì ni wọ́n ní láti yanjú: ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀rọ̀ pọ́gátórì (ibi tí wọ́n ní a ti ń wẹ ọkàn mọ́ lẹ́yìn ikú), bóyá búrẹ́dì aláìwú ló yẹ fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àti bí àṣẹ Póòpù ṣe gbòòrò tó. Ti Ẹ̀mí Mímọ́ ló le jù. Ìjọ Róòmù ti fi gbólóhùn kan kún Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, pé Ẹ̀mí ń ti ọ̀dọ̀ Baba “àti Ọmọ” jáde wá. Àwọn Gíríìkì ní kò sí ẹni tó láṣẹ láti fi nǹkan kún ohun tí gbogbo ìjọ ti jọ fẹnu kò lé lórí, àti pé ohun tí wọ́n fi kún un gan-an kò tọ̀nà.

Ìrìn àjò lọ sí Ítálì

Kì í ṣe ìfẹ́ ìṣọ̀kan nìkan ló gbé wọn dé ibẹ̀. Àwọn Tọ́kì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìjọba Byzantium, ìyẹn ìjọba àwọn Gíríìkì tí Constantinople jẹ́ olú ìlú rẹ̀, Ọba John Kẹjọ Palaiologos sì ń wá ọmọ ogun láti Yúróòpù. Póòpù Eugene Kẹrin náà ní ìṣòro tirẹ̀: àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó ń ṣàpérò ní Basel ń bá a du àṣẹ, bó bá sì lè mú àwọn Gíríìkì wá, apá rẹ̀ á ga ju tiwọn lọ. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló rán ọkọ̀ ojú omi lọ kó àwọn Gíríìkì. Ti Póòpù ni wọ́n wọ̀, nǹkan bí 700 ènìyàn, pẹ̀lú ọba àti Pátíríákì Joseph Kejì.

Kí Joseph tó wọ Ferrara ni wọ́n ti sọ fún un pé yóò kúnlẹ̀ fi ẹnu ko ẹsẹ̀ Póòpù. Sylvester Syropoulos tó wà nínú ikọ̀ náà kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀: bí Póòpù bá dàgbà jù ú lọ, yóò bọ̀wọ̀ fún un bí baba, bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ́, bí arákùnrin, bó bá sì kéré sí i, yóò mú un bí ọmọ. Ó ní bí wọ́n bá fi dandan lé e, òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Póòpù gbà, ṣùgbọ́n inú yàrá ló ti gbà á lálejò, kì í ṣe ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìṣọ̀kan náà kò fi lè dúró, kó ro èyí dáadáa. Ìbéèrè ta ni olórí ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá láìsí iṣẹ́ gidi, nítorí ọba ń retí kí àwọn ọba Yúróòpù dé, wọn kò sì wá. Owó oúnjẹ tí Póòpù ṣèlérí fún àwọn Gíríìkì ń pẹ́ kó tó jáde. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní Ferrara. Nígbà tí ìlú Florence, níbi tí ìdílé Medici ti ń darí, ní àwọn yóò gbọ́ bùkátà náà, gbogbo wọn kó lọ síbẹ̀.

Àríyànjiyàn àti ìbuwọ́lùwé

Ní oṣù Kẹta 1439, Mark, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ephesus, àti Giovanni da Montenero, olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ Dominic, fi ọjọ́ bíi mélòó kan jiyàn lórí ibì kan ṣoṣo nínú ìwé tí Basil Mímọ́, bàbá ìjọ àtijọ́ tí ìjọ méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, kọ tako Eunomius, olùkọ́ tí ìjọ kà sí aládàámọ̀. Nínú ẹ̀dà tí àwọn Látìnì, ìyẹn ẹgbẹ́ Róòmù, ń kà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Mark ní kò sí i nínú àwọn ẹ̀dà tó péye ní ilẹ̀ àwọn. Ta ni yóò wá dá ẹjọ́ yẹn?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ni pé àwọn ẹni mímọ́ ìjọ méjèèjì kò lè tako ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé Ẹ̀mí kan náà ló darí wọn. Nítorí náà, “láti ọ̀dọ̀ Ọmọ” tí àwọn Látìnì ń sọ àti “nípasẹ̀ Ọmọ” tí àwọn Gíríìkì ń sọ kò yàtọ̀. Bessarion, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Nicaea, gba èyí tọkàntọkàn. Àárẹ̀ àti àárò ilé ló mú kí àwọn mìíràn gbà á. Joseph kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, inú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Novella ní Florence ni wọ́n sin ín sí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, Kádínà Giuliano Cesarini ka ìwé náà ní èdè Látìnì, Bessarion kà á ní Gíríìkì, nínú kàtídírà Florence. Mark kò fọwọ́ sí i. Ìtàn sọ pé nígbà tí Póòpù gbọ́, ó ní a jẹ́ pé asán ni gbogbo làálàá àwọn. Ó rí ọ̀rọ̀ náà tán.

Bó ṣe tú ká

Àwọn Gíríìkì dé ilé ní oṣù Kejì 1440. Òpìtàn Doukas kọ ọ́ pé nígbà tí aráàlú béèrè bí àpérò ṣe rí, àwọn kan nínú wọn dáhùn pé àwọn ti ta ìgbàgbọ́ àwọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí i yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn mọ́ńkì àti gbáàtúù kò fẹ́ jọ́sìn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó gba ìṣọ̀kan. Mark di akọni lójú wọn.

Isidore, olórí ìjọ Kiev àti gbogbo ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ Moscow ní 1441, wọ́n gbé àgbélébùú àwọn Látìnì ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ Póòpù nínú ìsìn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ọmọ-ọba Vasily Kejì ti tì í mọ́lé. Ó sá lọ. Ní 1448, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Rọ́ṣíà yan Jonah ṣe olórí wọn láìbéèrè lọ́wọ́ Constantinople.

Ìrànlọ́wọ́ ogun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí náà já sí asán. Àwọn Tọ́kì ṣẹ́gun ọmọ ogun Yúróòpù ní Varna ní oṣù Kọkànlá 1444, Cesarini fúnra rẹ̀ sì kú nínú ogun náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1452, Isidore, tó ti di kádínà, kéde ìṣọ̀kan nínú Hagia Sophia lójú ọba tuntun, Constantine Kọkànlá. Nǹkan bí 200 ọmọ ogun ló bá Isidore wá. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ aráàlú kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́. Constantinople bọ́ sọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1453, Sultan Mehmed Kejì sì gba George Scholarios láyè láti di pátíríákì. Scholarios yìí ti gbè sẹ́yìn ìṣọ̀kan ní Florence, kó tó wá di aṣáájú àwọn alátakò rẹ̀. Sínọ́ọ̀dù (ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù) Constantinople ti ọdún 1484 ló fòfin pa àdéhùn náà rẹ́.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Bessarion di kádínà ní Róòmù, ó sì fi àwọn ìwé Gíríìkì rẹ̀ ta Venice lọ́rẹ ní 1468; àwọn ìwé yẹn ni ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Marciana níbẹ̀. Àpérò náà tún bá àwọn Ármẹ́níà ṣàdéhùn ní 1439 àti àwọn Kọ́ptì, ìyẹn àwọn Kristẹni Íjíbítì, ní 1442. Àwọn mọ́ńkì Ethiópíà láti Jerúsálẹ́mù náà wá. Àwọn àdéhùn ìyẹn kò tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ọ́tódọ́ọ̀sì kan láti Ukraine àti Belarus òde òní bá Róòmù ṣọ̀kan ní Brest ní 1596, ìpìlẹ̀ Florence ni wọ́n dúró lé: kí wọ́n gba Póòpù, kí wọ́n sì máa ṣe ìsìn wọn bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìjọ tó ti inú rẹ̀ jáde ní Ukraine ṣì wà títí dòní.