Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń jẹ́ pàjáwìrì

Bí ọmọ ọdún 16 bá ń ṣàìsàn tó le ní Amẹ́ríkà, tí kò ní ìnṣọ́ránsì, tí kò sì ní pépà, ìmọ̀ràn kan náà ni òbí rẹ̀ máa ń gbọ́ níbi gbogbo: "Ẹ ṣáà gbé e lọ sí ẹmẹ́jẹ́nsì, wọn ò lè lé yín." Òótọ́ ni, wọn ò lè lé wọn. Àmọ́ òótọ́ yẹn kì í rìn jìnnà, ẹni tó bá sì gbára lé òun nìkan yóò fi àkókò ọmọ náà ṣòfò.

Òfin tó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn yìí ni EMTALA, ti ọdún 1986. Ọsibítù tó bá ń gba owó Medicare (ìnṣọ́ránsì ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà), tó sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, gbọ́dọ̀ yẹ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wò. Bí ẹ̀mí onítọ̀hún bá wà nínú ewu, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dúró, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí owó falẹ̀. Kí ara dúró ni òfin sọ, kò sọ kí ara yá. Ọmọ tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà, tó wọlé pẹ̀lú ibà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n á fún un ní oògùn apakòkòrò, ibà á sì rọlẹ̀. Lójú EMTALA, iṣẹ́ ti parí. Kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, tó lè gbà tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò sí nínú rẹ̀. Òfin náà kò sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni; bíìlì á tẹ̀lé wọn délé.

Ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni ọ̀rọ̀ yìí. EMTALA ń gbé bàsíà síbi tí omi ń kán sí. Bí ó bá kún, wọ́n á dà á nù, wọ́n á tún gbé e padà. Kò rán ẹnikẹ́ni gun òkè lọ wo páànù.

Emergency Medicaid, apá pàjáwìrì Medicaid (ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó wọn kéré), ni bàsíà kejì. Òun ló ń sanwó fún ọsibítù lórí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré tó láti gba Medicaid, tó jẹ́ pé pépà nìkan ló dí i lọ́wọ́. Òfin àpapọ̀ ní kó jẹ́ àìsàn tí àìrí ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀ lè ba ara jẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹ wo ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà pé pàjáwìrì ni èyí, nítorí ẹni tí kò bá fọ ẹ̀jẹ̀ yóò kú, wọ́n sì ń san án. Níbi tí wọn ò bá gbà bẹ́ẹ̀, aláìsàn á dúró sílé títí omi yóò fi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí yóò máa mí gúlegúle. Bó bá dé ọsibítù, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Potassium, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń dín kù, wà láàárín 3.5 sí 5 lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ 5.6, tó ṣì ń mí dáadáa, wọ́n lè ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ kejì ó lè ti kọjá 7, kí ọkàn máa lù ségesège. Ìgbà yẹn ni pàjáwìrì dé lójú ìwé. Wọ́n á fọ ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á dá a padà sílé, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 fi àwọn àgbàlagbà tó ń gba irú ìtọ́jú yìí ní Denver àti Houston wé àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ déédéé ní San Francisco. Láàárín ọdún márùn-ún, ewu ikú àwọn ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po 14. Lọ́dún 2019, ìpínlẹ̀ Colorado yí ìtumọ̀ pàjáwìrì padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fífọ ẹ̀jẹ̀ déédéé. Àìsàn náà kò yí padà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí padà.

Òfin àpapọ̀ tún yọ ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ pípààrọ̀ ẹ̀yà ara kúrò nínú Emergency Medicaid. Owó lè wà láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí owó má sì sí láti fi kíndìnrín ìyá rẹ̀ sí i lára. Kò sí ọgbọ́n nínú èyí. Owó bàsíà ọ̀pọ̀ ọdún ti tó ra páànù.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gun òkè lọ tún òrùlé ṣe. Illinois ti ń fún ọmọdé ní ìnṣọ́ránsì láì wo pépà láti 2006. California, New York, Washington àti Oregon náà ń ṣe é fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 19. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́: ìpínlẹ̀ wo ló ń gbé, ọjọ́ wo ló sì máa pé 19? Ó yẹ kí dókítà tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, tó máa gbà á, ti wà nílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìbí yẹn, kí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ sì ti pé lọ́wọ́ òbí.

Níbi tí ìpínlẹ̀ kò bá ṣe é, social worker ọsibítù ọmọdé, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ran ẹbí aláìsàn lọ́wọ́, ló sábà máa ń mọ ibi tí àkàbà wà. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dúró de bíìlì. Ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó pẹ̀lú: òfin de ọsibítù tí kì í ṣe fún èrè láti ní ètò yìí ní àkọsílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù náà fún 240 ọjọ́ lẹ́yìn bíìlì àkọ́kọ́. Bí jẹjẹrẹ bá ni, St. Jude, ọsibítù ọmọdé kan ní Memphis, kì í fi bíìlì ránṣẹ́ sí ẹbí, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé rán ọmọ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ mu. Kílíníìkì àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́ máa ń díwọ̀n owó sí agbára ẹbí. Ibẹ̀ ni a ti lè rí dókítà tó máa kọ lẹ́tà náà.

Lọ́yà ìwọ̀lú náà jẹ́ ara ìtọ́jú. Ọmọ tí òbí kan ti pa tì tàbí tó ti fìyà jẹ lè tọ́ sí pépà tí wọ́n ń pè ní SIJS, bí kò bá tíì pé 21, tí kò sì tíì gbéyàwó tàbí relé ọkọ. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá ti pé 18. Lọ́yà yìí kan náà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù Medicaid, nítorí ní oṣù Kẹfà 2025 ló hàn síta pé ìjọba àpapọ̀ kó àkọsílẹ̀ àwọn tó wà lórí Medicaid fún àwọn tó ń ṣọ́ ìwọ̀lú. Bí ìpàdé bá sì wà pẹ̀lú dókítà, ẹ ní kí ọsibítù pe ògbufọ̀. Kì í ṣe ọmọ tó ń ṣàìsàn ló yẹ kó máa túmọ̀ ìròyìn àìsàn ara rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.