javascript-obfuscator

javascript-obfuscator jẹ́ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń kọ web app fi máa ń lọ́ kóòdù JavaScript wọn pọ̀ kó tó dórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ni tó bá ṣí i má lè kà á wẹ́rẹ́. Orí Node.js, ètò tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí bíráwúsà, ló ti ń ṣiṣẹ́, inú tẹ́míná ni wọ́n sì ti ń pàṣẹ fún un.

Látọdún 1995 tí Brendan Eich ti ṣe JavaScript nílé iṣẹ́ Netscape, inú bíráwúsà ẹni tó ń wo sáìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, fáìlì náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ná, ẹni tó bá sì tẹ F12 á rí i látòkè délẹ̀.

Téèyàn bá ti fi `npm install -g javascript-obfuscator` gbé e sórí kọ̀ǹpútà, `javascript-obfuscator app.js --output app2.js` ti tó. Tí ò bá sọ ibi tí èsì máa wà, irinṣẹ́ náà á fúnra ẹ̀ ṣe app-obfuscated.js sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Orúkọ tó nítumọ̀ á di nǹkan bíi `_0x3f2a1c`, àwọn string (ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú kóòdù) á kó jọ sójú kan, wọ́n tiẹ̀ lè fi base64 tàbí RC4, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń yí ọ̀rọ̀ padà, bò wọ́n. `--self-defending` máa ń jẹ́ kí kóòdù dẹnu kọlẹ̀ tẹ́nì kan bá tún un tò, `--domain-lock` ní tiẹ̀ ò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí sáìtì oníjìbìtì tó jí i kó.

Àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló ní ohun tó ń náni o, bí ò tiẹ̀ jẹ́ owó. `--control-flow-flattening`, tó ń da ètò kóòdù rú, lè mú kó lọ́ra tó ìlọ́po 1.5, `--dead-code-injection`, tó ń ki kóòdù tí ò wúlò bọ̀ ọ́, sì lè fi tó ìdá 200 nínú ọgọ́rùn-ún kún ìwọ̀n fáìlì. Torí ẹ̀ ni wọn ò kì í fi lọ́ kóòdù bíi jQuery, èyí tó wà níta fún gbogbo ayé tẹ́lẹ̀, kí lèèyàn tún fẹ́ fi pa mọ́ níbẹ̀?

Irinṣẹ́ yìí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ṣá. Password tàbí API key (kóòdù àṣírí tí app fi ń wọlé sí iṣẹ́ míì) tó bá wà nínú fáìlì, ẹni tó bá ní sùúrù á rí i, orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé sáìtì, ló yẹ kí irú ẹ̀ wà. Irinṣẹ́ bíi webcrack wà tó ń tú kóòdù bẹ́ẹ̀ palẹ̀, àmọ́ orúkọ táwọn tó kọ ọ́ sọ nǹkan níbẹ̀rẹ̀ ò lè padà bọ̀ mọ́, àfi tẹ́nì kan bá lọ gbàgbé source map, fáìlì tó ń tọ́ka padà sí kóòdù àkọ́kọ́, sórí sáfà.