Ṣé Ilé Kan Náà Ni Wọ́n? Bí Orúkọ Bàbá Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Láàárín Àwọn Olóṣèlú

Ẹni tó bá dúró létí àwọn tó ń pàtẹ ìwé ìròyìn ní Ọláìyá, nílùú Òṣogbo, láàárọ̀ ọjọ́ tí ìjọba bá kéde orúkọ àwọn tó fẹ́ yàn sípò, kò ní pẹ́ tó máa gbọ́ ọ: "Làwál? Làwál wo nìyẹn? Ṣé kì í ṣe àbúrò Làwál tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Ẹnì kan á ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ará Ìkìrun ni eléyìí, ará Ẹdẹ ni ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ni àtẹ kò ní dá sí i, torí nínú gbogbo wọn kò tíì sẹ́ni tó ra ìwé ìròyìn kan ṣoṣo.

Ìbéèrè náà kì í ṣe òfófó. Bó bá jẹ́ pé ilé kan ló ń pín ipò láàárín ara wọn, ó yẹ káráàlú mọ̀. Àmọ́ orúkọ tó jọra kò lè dáhùn rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí orúkọ ìdílé gbà dé ọ̀dọ̀ Yorùbá.

Látijọ́, ọmọ Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé. Ó ní àmútọ̀runwá bó bá mú un wá, ó ní àbísọ, ó ní oríkì tí ìyá àgbà fi ń pè é láàárọ̀, ilé rẹ̀ sì ní oríkì orílẹ̀. Bí Òjó bá pọ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní "Òjó ọmọ Fátóyìnbó, nílé àwọn alágbẹ̀dẹ", ó parí. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti owó orí ló sọ orúkọ kejì di dandan. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ará Òṣogùn ní 1825, orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ni wọ́n fún un, ló fi di Samuel Crowther. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ Macaulay, ó sì bí Herbert Macaulay tó di àgbà òṣèlú l'Ékòó. Bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ, ẹ̀jẹ̀ kan, orúkọ méjì, òyìnbó sì ni orúkọ méjèèjì.

Fún àwọn tó pọ̀ jù lọ, iwájú tábìlì tíṣà ni nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Tíṣà ṣí rẹ́jísítà sílẹ̀, bíírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lorúkọ ẹ?" "Mùfútáù." "Mùfútáù kí ni?" Ọmọ dákẹ́. "Kí lorúkọ bàbá ẹ?" "Làmídì." Tíṣà kọ Lamidi Mufutau, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, Làmídì tí í ṣe orúkọ ẹyọ ẹnì kan di orúkọ ilé fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ẹ̀gbọ́n Mùfútáù tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà ní Ìlobùú ti wọ ilé ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá àgbà, ó ń jẹ́ Adégòkè. Bí àwọn méjèèjì bá wá dàgbà tí wọ́n di kọmíṣọ́nnà, kò sí ẹni tó máa fi orúkọ mọ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ohun tí àwọn tó ń wá ẹbí kiri nínú ìwé ìròyìn kì í rò nìyí: orúkọ lè fi ẹbí pamọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe lè dá ẹbí tí kò sí sílẹ̀.

Mùsùlùmí pọ̀ ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí Làwál, Sàlámì, Ràjí, Sànní, Bẹ́lò àti Làsísì fi kún inú rẹ́jísítà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì lè di Jímọ̀h. Mélòó wá ni ọjọ́ Ẹtì nínú ọdún? Bàbá tó ń jẹ́ Jímọ̀h kò lóǹkà, wọn ò sì mọra. Bákan náà ni oríkì tó di orúkọ ìdílé. Olóyè Bísí Àkàndé tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 di 2003, ará Ìlá Ọ̀ràngún ni. Oríkì ọmọkùnrin ni Àkàndé, ìyá tó bá wù lè fi ki ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ yẹn wá ẹbí gómìnà yóò rin ilẹ̀ Yorùbá já kó tó sinmi.

Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ máa ń sọ nǹkan díẹ̀, kì í sọ ọ́ tán. Adé àti Oyè ń tọ́ka sí ilé ọba tàbí ilé olóyè, Ọ̀jẹ̀ sí àwọn eléégún, Àyàn sí onílù, Ọ̀ṣun sí àwọn tó ń sin odò tí wọ́n fi ń pe ìpínlẹ̀ náà, Fá sí ilé babaláwo. Fáyòṣe àti Fáyẹmí gbapò lọ́wọ́ ara wọn l'Ékìtì, ìkíní láti 2003 di 2006 àti láti 2014 di 2018, ìkejì láti 2010 di 2014 àti láti 2018 di 2022. Fáṣọlá wà l'Ékòó láti 2007 di 2015. Ifá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn. Ohun tí Ifá inú orúkọ ń sọ kò ju pé bàbá ńlá olúkúlùkù wọn bọ Ifá níbi tó wà. Àmì yìí pàápàá ń parẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló ti yọ Ògún, Ifá tàbí Èṣù kúrò lórúkọ wọn, tí wọ́n fi Olú tàbí Jésù sí i. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ògúnbùnmi, àbúrò ti di Olúbùnmi.

Adébáyọ̀ ló ń da orí èèyàn rú jù. Ọ̀gágun Robert Adéyínká Adébáyọ̀, ará Ìyìn-Èkìtì, ló jẹ́ gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn láti 1966 di 1971, nígbà tí Òṣogbo ṣì ń gbàṣẹ láti Ìbàdàn. Níyì Adébáyọ̀, ọmọ rẹ̀, ṣe gómìnà Èkìtì láti 1999 di 2003, ó sì ṣe mínísítà láti 2019 di 2023. Bàbá àti ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Cornelius Adébáyọ̀, tó lo oṣù mẹ́ta péré gẹ́gẹ́ bí gómìnà Kwara ní 1983 kí ológun tó gbàjọba, ará Òkè-Onígbìn ni. Adéwọlé Adébáyọ̀ tó díje fún ipò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP ní 2023, ará Oǹdó ni. Ìlú mẹ́ta, ilé mẹ́ta. Ká tó wá kan àwọn tó jẹ́ pé orúkọ tiwọn gan-an ni Adébáyọ̀: Adébáyọ̀ Adéfaratì ṣe gómìnà l'Óǹdó, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà ṣe é l'Ọ́yọ̀ọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹnì kan lọ́jọ́ kẹjọ ni orúkọ ìdílé ẹlòmíràn.

Ti àwọn Adélékè Ẹdẹ yàtọ̀, níbẹ̀ ni orúkọ àti ẹ̀jẹ̀ ti bára mu. Ayọ̀ọlá Ràjí Adélékè ṣe sẹ́nétọ̀ nígbà ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ UPN. Isiaka ọmọ rẹ̀ di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ọ̀ṣun ní 1992 lábẹ́ SDP, ìpínlẹ̀ náà kò tíì pé ọdún kan nígbà yẹn. Ó tún ṣe sẹ́nétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lábẹ́ PDP ní 2007, lábẹ́ APC ní 2015. Nígbà tó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àbúrò rẹ̀ Adémọ́lá padà sí PDP, ó dupò tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀, ó sì wọlé ní oṣù keje. Ó du ipò gómìnà ní 2018, Gbóyèga Oyètọ́lá fi ìbò 482 péré borí rẹ̀ lẹ́yìn àtúndì. Ní 2022 ó rí 403,371, Oyètọ́lá rí 375,027.

Ẹ ò rí i pé títí di 2022, orúkọ kan ṣoṣo ti gba abẹ́ ẹgbẹ́ mẹ́rin kọjá. Ibí gan-an ni nǹkan ti wá lójú pọ̀, torí kò sí Adélékè kankan lórí ìwé ìdìbò. Ní Nàìjíríà, orúkọ ẹgbẹ́ àti àmì rẹ̀ ni INEC ń tẹ̀ síbẹ̀, kì í tẹ orúkọ olùdíje. Ní 2018, ẹgbẹ́ 48 ló tò sórí ìwé yẹn lọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀ṣun. Ìyá àgbà tó fẹ́ dìbò fún "ọmọ Adélékè" ní láti mọ̀ pé abùradà ló máa tẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ yẹn náà ló tẹ̀ fún Adélékè ní 2015. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń polongo ìbò kì í fi í sinmi orin àti ọwọ́ títẹ́ sókè. Iṣẹ́ wọn ni láti so orúkọ mọ́ àmì lọ́kàn ẹni tí kò mọ̀wé. Orúkọ ìdílé ti ṣe tirẹ̀ tán kó tó di ọjọ́ ìdìbò: ó ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ni ín nígbà tí ẹgbẹ́ ń wá ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀.

Báwo làwọn èèyàn ṣe ń dá wọn mọ̀ nígbà náà? Ìnagijẹ. Ṣẹ̀rùbàwọ́n ni Isiaka, Ìmọ́lẹ̀ ni Adémọ́lá. Kò sí ọlọ́kadà ní Old Garage tó máa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun ṣáájú Oyètọ́lá, ni Ọ̀gbẹ́ni, Oyètọ́lá sì ni Ìlérí Olúwa. Ìwé ìròyìn gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ "Adeleke" gbalaja, tí òǹkàwé á máa méfò. Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ bàbá rẹ̀ nìkan bẹ́ẹ̀, yálà lórí rédíò tàbí nílé. Sẹ́nétọ̀, Aláàjì, Ẹnjiníà tàbí Olóyè ní láti ṣáájú, orúkọ tirẹ̀ a tẹ̀ lé e.

Ní ti àwọn obìnrin, orúkọ ọkọ ló ń bo ti bàbá mọ́lẹ̀, àfi ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀. Titi Láoyè-Tọ́mọrí tó ṣe igbákejì gómìnà Ọ̀ṣun láti 2010 di 2018 so ó pọ̀. Ìyábọ̀ Ọbásanjọ́ náà jẹ́ Ọbásanjọ́-Bello fún ìgbà kan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ní Òṣogbo kì í béèrè orúkọ bàbá. Ìlú wo ni? Agbo ilé wo? Ta ló bí ìyá rẹ̀? Bí àgbàlagbà kan bá wà níjokòó, á ki í wò, bóyá Oníkòyí ni tàbí Òpómúléró. Oríkì orílẹ̀ náà ní ibi tó mọ, ẹni méjì lè jẹ́ Oníkòyí kí wọ́n má jọ jẹun rí láyé. Agbo ilé ló ṣe gúnmọ́ jù, torí àwọn tó wà níbẹ̀ á ti mọ ẹni tó ń wá sílé lọ́jọ́ Iléyá.

Ní sẹkitéríàtì ní Abẹ̀rẹ̀, ìjọba kò lè máa wá agbo ilé kiri. Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ló ń yanjú tiwọn: "Làwál Ìkìrun" àti "Làwál Ẹdẹ", tàbí kí wọ́n fi ẹ̀ka iṣẹ́ pín wọn. Nọ́ńbà fáìlì àti NIN oní-fígọ̀ 11 ló ń ṣe ìyókù, kí owó oṣù ọ̀kan má baà bọ́ sápò èkejì. Síbẹ̀ ọwọ́ tíṣà ọjọ́sí ṣì ń dáni lẹ́jọ́. Lasisi ló wà nínú ìwé ẹ̀rí pírámárì, Lasis nínú ti sẹ́kọ́ńdìrì, Lasisi-Adegoke nínú ti yunifásítì. Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ du ipò lọ́la, á kọ́kọ́ ya kóòtù lọ búra pé òun nìkan ni gbogbo wọn.